Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Òṣìṣẹ́: Kí Ó Tó Yé Ẹni Tí A Ń Bá Sọ̀rọ̀

Èdè Faransé ni a fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa ní iṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́ni iṣẹ́ àgbẹ̀, akọ̀wé ìjọba àti olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, gbogbo wọn ni a ti kọ́ bí a ti ń kọ ìròyìn iṣẹ́, bí a ti ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, àti bí a ti ń darí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó ti ìyá àgbà kan ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, èdè tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ náà ni èdè tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn bí a ti ń fi ṣiṣẹ́. Wọ́n gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ó ti jẹ́ èdè ìyá wọn, kò sí ohun tí ó kù láti kọ́. Èrò yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 fi èdè Faransé ṣe èdè ìjọba, ó sì fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn ní sísọ àti ní kíkọ. Ohun tí èyí túmọ̀ sí lójú iṣẹ́ ni pé ìwé yóò wà ní Faransé, ọ̀rọ̀ yóò sì wà ní Yorùbá, òṣìṣẹ́ yóò sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ibi tí ó wà yìí ni àṣìgbọ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àìmọ èdè ni ó sábà ń fà á. Òṣìṣẹ́ mọ Yorùbá, ará ìlú mọ Yorùbá. Gbólóhùn kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní etí àwọn méjèèjì, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura.

Gbígbọ́ àti yíyé

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, gbọ́, gbòòrò púpọ̀ ní èdè wa. A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a ń gbọ́ èdè, ọmọ tí ó sì ń ṣe ohun tí òbí rẹ̀ wí ni a ń pè ní ọmọ tí ó gbọ́ràn. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá béèrè pé, “Ṣé ẹ gbọ́?” tí àwọn ènìyàn sì dáhùn pé, “A gbọ́,” ó lè jẹ́ pé etí wọn gba ohùn rẹ̀ ni, ó lè jẹ́ pé èdè tí ó sọ kò ṣe àjèjì sí wọn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un nìkan. Òṣìṣẹ́ tí ó bá fura díẹ̀ yóò yí ìbéèrè náà padà: “Ṣé ó yé yín?” Èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìwà ọmọlúwàbí fi sílẹ̀ fún un. Ta ni yóò dìde láàárín àwùjọ, níwájú baálẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀, láti sọ pé kò yé òun? Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó jẹ́wọ́ pé òun kò lóye, tàbí, èyí tí ó burú jù, pé àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. “Bẹ́ẹ̀ ni” tí wọ́n dá a lóhùn, ìkíni ni.

Ìbéèrè tí a ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyí: “Bí ẹ bá dé ilé, tí ìyá ọkọ yín bá bi yín léèrè ohun tí a sọ, báwo ni ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún un?” Ìbéèrè yìí kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ọmọ ilé-ìwé tí a ń dán wò. Ó sọ olùgbọ́ di oníṣẹ́, ipò oníṣẹ́ sì jẹ́ ipò iyì láàárín wa. Bí ó ti ń jẹ́ iṣẹ́ náà ni òṣìṣẹ́ yóò máa gbọ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ láìpé. Àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ mìíràn ń lo ọ̀nà tí ó jọ èyí, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Kò yẹ kí ó ṣe wá ní ẹnu yà. Àgbà ilé wo ni í rán ọmọdé ní iṣẹ́ sí ìlú kejì láìní kí ó tún iṣẹ́ náà wí kí ó tó kúrò níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni yóò tako èyí pẹ̀lú òwe. Wọn yóò ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Òtítọ́ ni, níbi ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rọ̀ ìtìjú. Níbi oògùn, níbi ìwé ilẹ̀ àti níbi owó àjọ, bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá dé inú olùgbọ́, odidi mìíràn ni ó sábà ń dà.

Ìbéèrè kan tún wà tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ yẹra fún pátápátá, ìyẹn ìbéèrè tí a fi ọ̀rọ̀ àìṣe bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí a wí pé nọ́ọ̀sì kan jókòó pẹ̀lú ìwé tí ó fẹ́ kọ̀wé sí. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá kan pé, “Ẹ kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru?” Ìyá náà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ní èdè wa, ẹni tí ó bá dáhùn báyìí ń fara mọ́ ohun tí a sọ: bẹ́ẹ̀ ni ó rí, èmi kò ní i. Ní èdè Faransé, ọ̀rọ̀ kò lọ báyìí. Ẹni tí kò ní i yóò sọ pé “non”, ẹni tí ó ní i yóò sì sọ pé “si”. Nọ́ọ̀sì tí ó fi etí Yorùbá gbọ́ ṣùgbọ́n tí ó ń fi ọwọ́ Faransé kọ̀wé yóò kọ “oui” sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ìwé ti sọ pé ìyá yìí ní àìsàn tí kò ní. Bí a bá yí i sí òdì kejì, tí a bi í pé, “Ẹ kò mu oògùn yín tán?” tí ó sì ní, “Rárá,” ó ń sọ fún wa pé òun mu ún tán, ìwé yóò sì gbà pé kò mu ún tán. Ohun tí ó tún dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn ọmọ wa tí ó ti jókòó pẹ́ ní ilé-ìwé ti ń dáhùn bí Faransé kódà nígbà tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá. Nítorí náà òfin kan ṣoṣo kò tó láti fi túmọ̀ ìdáhùn gbogbo ènìyàn. Ó sàn kí a béèrè pé, “Mélòó ni ó kù nínú oògùn náà?” kí a sì ní kí wọ́n mú un wá kí a jọ wò ó.

Kíka ọjọ́

Ọ̀ràn ọjọ́ ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí, nítorí pé òun ni ó kọ́ èmi fúnra mi ní ọgbọ́n.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní abúlé kan ní agbègbè Kétu, mo ní kí a ṣe ìdánwò àwọn tí ó ti parí ìwé kìíní nínú ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà. Mo sọ fún wọn pé, “Òní ọjọ́ mẹ́jọ ni a ó pàdé.” Mo dé ilé, mo mú ìwé ìkà-ọjọ́, mo fi mẹ́jọ kún ọjọ́ náà, ó sì bọ́ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni mo lọ. Mo bá ilé-ẹ̀kọ́ ní títì. Ọkùnrin kan tí ó ń hun ẹní lábẹ́ igi sọ fún mi pé àná ni gbogbo wọn péjọ, pé àwọn obìnrin tí ó wá láti oko tí ó jìnnà ti sùn sí ìlú nítorí mi, wọ́n dúró títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n sì ti padà sí oko. Obìnrin méjì nínú wọn kò wá sí ẹ̀kọ́ náà mọ́. Wọ́n ní akọ̀wé tí kò lè ka ọjọ́ mẹ́jọ kò lè kọ́ àwọn ní ìwé, mo sì gbà pé wọ́n jàre.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Ní ìṣirò ilé-ìwé, ọ̀la ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ kíka. Ní èdè wa, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Èdè fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ náà, ìjẹta, ní ẹ̀ta nínú: òní, àná, ìjẹta, ó pé mẹ́ta. Ìjẹrin ní ẹ̀rin nínú, ọjọ́ mẹ́ta péré ni a sì ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí a bí ní Ọjọ́ Ajé, tí a sọ ọ́ ní orúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, Ọjọ́ Ajé ni a ó sọ ọ́ ní orúkọ, a kì í dúró di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ wo orúkọ tí a fún ìpàdé àti ọjà. Ọrún wá láti inú àrún, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín ọjà kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọjà Àjàrá lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ìsán wá láti inú ẹ̀sán, ọjọ́ mẹ́jọ ni ó jẹ́ lójú ìṣirò ilé-ìwé. Ìtàdógún jẹ́ mẹ́tàdínlógún ní orúkọ, mẹ́rìndínlógún ni lójú ìṣirò. Mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: ètò náà gún régé, ọjọ́ òní nìkan ni ó ń jẹ́ kí orúkọ fi ẹyọ kan ju ìṣirò lọ. Ó rọrùn fún àlejò láti gbọ́ ọrún kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Òṣìṣẹ́ tí ó ń bá àwọn alájọ ṣe ìwé owó gbọ́dọ̀ mọ èyí ní àmọ̀dájú, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ìtàdógún ṣe ọjọ́ mẹ́tàdínlógún nínú ìwé rẹ̀ yóò máa fi ọjọ́ kan pẹ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá dá owó. Ní ìparí ọdún, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò ní bá ti àwọn alájọ mu mọ́, ẹni tí a ó sì kọ́kọ́ fura sí ni ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà ni pé Faransé fúnra rẹ̀ ń ka ọjọ́ bí tiwa níbi yìí. Ẹni tí ó bá ní “dans huit jours” ń sọ nípa ọ̀sẹ̀ kan, “quinze jours” sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá ti ronú ní Yorùbá, n kò ní ṣìnà. Bí mo bá ti ronú ní Faransé, n kò ní ṣìnà. Mo ronú ní ìṣirò, ìyẹn ni mo fi pàdánù akẹ́kọ̀ọ́ méjì.

Láti ìgbà náà, n kì í fi iye ọjọ́ dá ìpàdé mọ́ láìfi orúkọ ọjọ́ tì í: Ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, ọjọ́ kejì ọjà. Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá bọ́ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́, ọjọ́ ọjà kò ní bọ́ mọ́ ọn. Fún ọmọ tí ó ní láti padà wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nǹkan kékeré yìí lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí ìyá rẹ̀ bá olùfúnni-lábẹ́rẹ́ nílé.

Faransé nínú aṣọ Yorùbá

Àwọn gbólóhùn kan wà tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn, ṣùgbọ́n Faransé ni egungun wọn. Mo ti gbọ́ òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bi aláìsàn pé, “Kí ni ẹ ní?” Bàbá náà rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì dáhùn pé òun ní ewúrẹ́ mẹ́ta àti oko ẹ̀gẹ́ kan. Ó rò pé owó orí ni a fẹ́ gbà. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà fẹ́ sọ ni, “Kí ni ó ń ṣe yín?” Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò sọ púpọ̀ mọ́ ní ọjọ́ náà.

Èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín ni ti oògùn. Faransé ní “prendre” fún oògùn, òṣìṣẹ́ sì tú u bí ó ti wà: “Ẹ mú oògùn yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.” Mú, pẹ̀lú ohùn òkè, ni kí a fi ọwọ́ gbé nǹkan. Mu, pẹ̀lú ohùn àárín, ni kí ó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Olùgbọ́ tí ó jáfáfá yóò tún un ṣe nínú ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí a ń fi pa ara wà, èyí tí a ń kán sí ojú wà, èyí tí a ń gbé mì wà, èyí tí a ń pò mọ́ omi kí a tó mu ún sì wà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sì sí ìdí tí àwa yóò fi da ọrọ̀ tí a ní nù láti bá “prendre” dọ́gba. Kí òṣìṣẹ́ sọ pé kí wọ́n gbé e mì, tàbí kí wọ́n fi ra ojú ibi tí ó ń dùn wọ́n.

Ẹ̀ka-èdè náà ní ipa tirẹ̀. Ẹni tí ó ti Àjàṣẹ́ wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, tàbí tí ó lọ bá àwọn Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamẹ́, yóò rí i pé Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò kọ́ ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Wọ́n lè gbọ́ tirẹ̀ ju bí òun ti ń gbọ́ tiwọn lọ, èyí sì ń tan òun jẹ. Kò pọn dandan kí ó máa sín ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ó máa ń dà bí ìfiniṣẹ̀sín. Kí ó wá oníṣòwò kan tí ó ti rìn káàkiri ọjà, kí ó jẹ́ kí ẹni náà tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní ohùn ilé, kí òun sì kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá lò sílẹ̀.

Ògbufọ̀

Òwe méjì ni ó ń bá ara wọn jà lórí iṣẹ́ ògbufọ̀. Èkíní ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Èkejì ní ẹni tí ó rán ni ní iṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ògbufọ̀ wa tí ó ní ìwà, òwe èkíní ni ó ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀gá bá fi Faransé bínú sí àwọn àgbà ìlú, ògbufọ̀ yóò kí wọn, yóò bẹ̀ wọ́n, yóò sì sọ ìbínú náà di ẹ̀bẹ̀. Ìpàdé yóò parí pẹ̀lú àlàáfíà. Ọ̀gá yóò lọ pẹ̀lú èrò pé òun ti kìlọ̀. Àwọn àgbà yóò lọ pẹ̀lú èrò pé a bẹ̀ wọ́n, wọn yóò sì rò ó wò ní ọjọ́ iwájú. Nígbà tí ìjìyà bá dé, ẹnu yóò ya àwọn méjèèjì.

N kò sọ pé kí ògbufọ̀ di ẹni tí kò ní ìtìjú. Ó lè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ̀rọ̀ líle, kí líle rẹ̀ sì wà níbẹ̀: “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi, ohun tí wọ́n sọ le, bí wọ́n ti sọ ọ́ ni n ó ti jẹ́ ẹ.” Gbólóhùn ìṣáájú yìí yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀bi, kò sì yọ ohunkóhun kúrò nínú iṣẹ́ tí a rán an.

Ní ilé-ẹjọ́, ewu náà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀-ìṣe gbà. A ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, a ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́, a ń gbà láti ṣe nǹkan, a sì ń gbà pé a jẹ̀bi. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, tí àárẹ̀ ti mú, lè mí kanlẹ̀ kí ó sì sọ pé, “Mo gbà fún Ọlọ́run.” Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ó ń sọ pé òun ti fi ọ̀ràn náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bí ògbufọ̀ bá yára tú u sí Faransé pé ó gbà, tí kò sì sọ ohun tí ó gbà, ọ̀rọ̀ ìtẹ́ríba ti di ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìwé adájọ́. Ògbufọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún adájọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí a jẹ́ kí òun bi í léèrè. 

Orúkọ, ọkọ àti ọmọ

Díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nípa èyí, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n nílé tí a sì ń gbàgbé rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní ibi ìwòsàn, a ń ka orúkọ láti inú ìwé bí ti ilé-ìwé, orúkọ bàbá ṣáájú, a sì ń ké e ní gbangba. Ìyá tí gbogbo ènìyàn ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè láti ogún ọdún sẹ́yìn lè má tètè mọ̀ pé òun ni, tàbí kí ó mọ̀ ọ́n kí ó sì jókòó sí ibi tí ó wà, nítorí pé ọmọdé kò gbọdọ̀ pe òun báyìí. Ìlà kọjá a. Kí a fi “Ìyá” tàbí “Bàbá” ṣáájú orúkọ kò ná wa ní ohunkóhun.

Nínú ìkànìyàn tí a ṣe ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1979, 1992, 2002 àti 2013, ìbéèrè méjì wà tí ó le fún àṣà wa láti dáhùn: orúkọ ọkọ, àti iye ọmọ. Ìyàwó ilé tí a tọ́ dáadáa kì í dárúkọ ọkọ rẹ̀, a kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Akọ̀wé tí ó bá bínú pé obìnrin náà ń fi nǹkan pamọ́ ti ṣe àṣìṣe. Kí ó bi ọmọ ilé tàbí àbúrò ọkọ ní orúkọ náà. Ní ti ọmọ, kí ó béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ni àkọ́bí, ta ni ó tẹ̀ lé e? Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kà wọ́n lórí ìwé, ní ìdákẹ́jẹ́.

Akéde àti ìwé ara ògiri

Kí á tó ní rédíò ni a ti ní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí ju gbogbo wa lọ. Akéde kì í jáde ní ọ̀sán gangan nígbà tí àwọn ènìyàn wà ní oko. Ó ń lu agogo kí ó tó sọ̀rọ̀, kí etí lè múra sílẹ̀. Ó ń dárúkọ ẹni tí ó rán an, lẹ́yìn náà ni ó ń sọ ohun tí a ó ṣe, ibi tí a ó ti ṣe é, àti ọjọ́ tí a ó ṣe é. Ó ń tún un sọ ní oríta kọ̀ọ̀kan, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ẹ fi èyí wé ìkéde tí a ń tú láti inú ìwé ìjọba. Ó ń bẹ̀rẹ̀ pé, “A ń mú un wá sí ìmọ̀ gbogbo ará ìlú pé a ti pinnu láti ṣe ìmúgbòòrò ètò…” Kí òǹkàwé tó dé ibi ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní ìtumọ̀, àwọn àgbà ti ń bi ara wọn léèrè pé, “Ta ni ‘a’ yìí?” Faransé ní ọgbọ́n láti fi ẹni tí ó pàṣẹ pamọ́ sínú gbólóhùn, ìyẹn sì wúlò fún ọ́fíìsì. Ìkéde ní Yorùbá tí kò ní olùránni, ó dà bí àlejò tí kò sọ ibi tí ó ti wá. Lónìí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi ohùn wọn ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, mo ṣàkíyèsí pé àwọn tí iṣẹ́ wọn ń yé ènìyàn ni àwọn tí ó ń ṣe bí akéde: wọ́n ń dárúkọ ara wọn, wọ́n ń sọ ohun kan ṣoṣo, wọ́n sì ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ti ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Yálà a kọ ọ́ pẹ̀lú ɛ àti ɔ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tàbí a kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti Nàìjíríà, àmì ohùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Wọ́n ní ìwé kúkúrú kò nílò rẹ̀. Mo rí ìwé kan lẹ́bàá kànga tí omi rẹ̀ kò dára mọ́. Ohun tí a kọ sí i, láìsí àmì ohùn kankan, ni “E ma mu omi yi.” Ẹni tí ó kọ ọ́ fẹ́ sọ pé, “Ẹ má mu omi yìí.” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú kíláàsì wa, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà tí inú rẹ̀ sì ń dùn láti máa ka gbogbo ohun tí ó bá rí, kà á sókè pé, “Ẹ máa mu omi yìí.” Kò ṣi í kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń kọ máa pẹ̀lú fáwẹ́lì kan ṣoṣo, ìwé náà kò sì sọ fún un èyí tí ó fẹ́ nínú méjèèjì.

Fífi àmì sí i ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n ọ̀dà máa ń ṣí, òjò a máa fọ àmì kékeré lọ kí ó tó fọ lẹ́tà lọ. Gbólóhùn tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni èyí tí kò lè yí padà bí àmì rẹ̀ tilẹ̀ parẹ́: “Omi yìí kò dára fún mímu. Aṣọ ni kí ẹ fi fọ̀.” A ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kà á fún àwọn obìnrin tí ó wá pọn omi. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀. A padà lọ fi orúkọ ilé ìwòsàn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.